Gbígbẹ, Dídì àti Jíjinná: Èdè Ìperí fún Títo Àwòṣe Ọkọ̀ Òfúrufú Onírẹ́síìnì

Ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì tí a ṣẹ̀dá sórí ìwé kò tíì dé ibi tí ó ń lọ títí ẹnì kan yóò fi tẹ̀lé e, tí yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tí ọ̀rọ̀ náà wí. Bí ìwé ìtọ́ni bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ "jẹ́ kí ó gbẹ", tí akẹ́kọ̀ọ́ náà gbé iṣẹ́ rẹ̀ sínú oòrùn, tí iṣẹ́ náà sì bàjẹ́, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí a fún un ni ó ṣì í lọ́nà. Nítorí náà ni iṣẹ́ ọwọ́ fi jẹ́ ìdánwò tí ó dára jù lọ fún èdè ìperí.

Láti ọdún 1970, nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà nínú èyí tí a fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún máa bèèrè bóyá Yorùbá lè gba sáyẹ́ǹsì sí ara. Ìbéèrè tí ó kù ni pé: ọ̀rọ̀ wo ni ó tọ́ sí iṣẹ́ wo? Iṣẹ́ kan tí ó lè ràn wá lọ́wọ́ láti dáhùn ni títo àwòṣe ọkọ̀ òfúrufú tí a fi rẹ́síìnì dà. Iṣẹ́ kékeré ni; gbogbo ohun èlò rẹ̀ kò kún orí tábìlì kan. Ṣùgbọ́n ìṣirò wà nínú rẹ̀, kẹ́místírì àti físíìsì wà nínú rẹ̀, ewu sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú fún ẹni tí a bá fi ọ̀rọ̀ tí kò tọ́ darí.

ÀWÒṢE ÀTI ORÍSUN RẸ̀

Àwòṣe ni ohun tí a wo òmíràn ṣe. Ó yàtọ̀ sí ère, nítorí pé ère lè dúró fún ẹni tí a fẹ́ bọlá fún láìjẹ́ pé ìwọ̀n orí bá ìwọ̀n ẹsẹ̀ mu. Ó yàtọ̀ sí ohun ìṣeré ọmọdé pẹ̀lú, nítorí pé ohun tí ó bá gùn ní ìlọ́po méjì òmíràn lára ojúlówó gbọ́dọ̀ gùn ní ìlọ́po méjì lára àwòṣe.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwòṣe ọkọ̀ òfúrufú oníke ti jáde fún títà ní ọdún 1936, lábẹ́ orúkọ Frog Penguin: a kó àwọn ẹ̀yà rẹ̀ sínú páálí, olùrà yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó. Ní ọdún 1942, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Amẹ́ríkà bẹ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama pé kí wọ́n fi igi gbẹ́ àwòṣe 500,000, kí àwọn ọmọ-ogun lè máa fi wọ́n kọ́ bí a ti ń dá ọkọ̀ ọ̀tá mọ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀rẹ́. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn gbangba pé ohun ìkọ́ni ni àwòṣe, kì í ṣe ohun eré lásán.

Irin ni a fi ń ṣe mọ́ọ̀dù àwòṣe oníke. Mọ́ọ̀dù irin sì wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ tí ó bá gbẹ́ ẹ fi ní láti ta ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòṣe kí owó rẹ̀ tó padà wọlé. Ìdí nìyí tí àwọn ọkọ̀ olókìkí fi wà nínú páálí lọ́dọọdún, tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí kò lókìkí kò sì sí níbẹ̀. Rẹ́síìnì ni ó ṣí ọ̀nà fún irú wọn. Oníṣẹ́ yóò kọ́kọ́ fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ̀yà kan, èyí tí a lè pè ní àkọ́ṣe. Yóò da rọ́bà silikóònù bò ó. Nígbà tí rọ́bà náà bá le, yóò yọ àkọ́ṣe kúrò, yóò sì da rẹ́síìnì olómi sí àyè tí ó fi sílẹ̀. Irú mọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ kò wọ́n, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìdà bíi mélòó kan lọ́nà ogún, yóò ya. Láti nǹkan bí ọdún 1980 ni àwọn oníṣẹ́ kéékèèké ní Japan ti gba ọ̀nà yìí gidigidi, lẹ́yìn náà ni ó sì tàn ká ilẹ̀ Yúróòpù.

Ọ̀rọ̀ méjì tí ó jáde níhìn-ín kò nílò ìṣẹ̀dá kankan. Èkíní ni dà, tí í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ idẹ. Àwọn tí ó ṣe àwọn orí idẹ Ifẹ̀ tí a wú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938 mọ ère ní ìda, wọ́n fi amọ̀ bò ó, wọ́n fi iná yọ́ ìda jáde, wọ́n da idẹ sí àyè rẹ̀, wọ́n sì fọ́ amọ̀ náà. Mọ́ọ̀dù kan, orí kan. Ìyàtọ̀ kan pàtàkì ni pé mọ́ọ̀dù rọ́bà kì í fọ́ lẹ́yìn ìdà kan ṣoṣo. Èkejì ni mọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Àwọn tí ń ṣe búlọ́ọ̀kù ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ Yorùbá láti ọjọ́ pípẹ́. Kò sí èrè nínú pé kí a máa wá òmíràn fún ohun tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀.

ÒṢÙWỌ̀N ÌDÍNKÙ

Àpẹẹrẹ kan yóò mú ọ̀rọ̀ rọrùn. Ilé-iṣẹ́ de Havilland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ọkọ̀ òfúrufú kan tí ó sọ ní Dove, èyí tí í ṣe àdàbà. Ọkọ̀ náà kọ́kọ́ fò ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún 1945. Ẹ́ńjìnì méjì ni ó ní, taya kan sì wà lábẹ́ imú rẹ̀. Láti ṣóńṣó ìyẹ́ kan dé ṣóńṣó ìyẹ́ kejì, ó jẹ́ mítà 17.37, láti imú dé ìrù, ó jẹ́ mítà 11.96. Ó wà lára àwọn ọkọ̀ tí West African Airways Corporation lò ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1946 fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia ni èyí, òun sì ni Nigeria Airways gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1958. Òkìkí Dove kò tó ti àwọn ọkọ̀ ogun. Irú rẹ̀ gan-an ni ó yẹ iṣẹ́ rẹ́síìnì.

Bí a bá fẹ́ ṣe àwòṣe Dove ní òṣùwọ̀n ìdínkù 1/72, a ó pín gbogbo gígùn rẹ̀ sí ọ̀nà méjìléláàádọ́rin, a ó sì mú ọ̀kan. Mítà 17.37 yóò di sẹ̀ǹtímítà 24.1, mítà 11.96 yóò di sẹ̀ǹtímítà 16.6. Iye yìí kò ṣàdédé wá: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà jẹ́ íǹṣì 72, nítorí náà ọkùnrin tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà yóò ga ní íǹṣì kan péré ní òṣùwọ̀n yìí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọsẹ̀ ni pé wọ́n rò pé ohun gbogbo lára àwòṣe fi ìlọ́po 72 kéré sí ti ojúlówó. Gígùn nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀. Fífẹ̀ ojú ìyẹ́, èyí tí a fi gígùn sọ ìbú di púpọ̀ kí a tó rí, fi ìlọ́po 5,184 kéré. Àyè inú ọkọ̀, níbi tí gígùn, ìbú àti gíga ti pàdé, fi ìlọ́po 373,248 kéré. Olùkọ́ tí ó bá sọ pé àwòṣe "kéré ní ìgbà 72" láìsọ ohun tí ó kéré kò tíì kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ohunkóhun. Ó dára kí ó máa sọ pé gígùn ni a dín kù, kí ó sì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí fífẹ̀ ojú àti àyè inú.

Òṣùwọ̀n yìí ni ó tún ṣàlàyé ìdí tí olùtò fi ń fá ẹ̀yìn ìyẹ́ títí yóò fi tín-ín-rín. Bí etí ìyẹ́ bá nípọn ní mìlímítà kan péré, ohun tí ó ń sọ ni pé etí ìyẹ́ ojúlówó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 7.2. Ojú ènìyàn a máa mọ̀ pé irọ́ ni, kódà bí ẹnu kò bá lè ṣàlàyé rẹ̀.

OJE TÍ KÌ Í ṢE TI IGI

Kí ni rẹ́síìnì? Oje ni ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn Yorùbá, kì í sì ṣe láìnídìí. Oje igi a máa ṣàn, a máa lẹ̀, a sì máa le. Lára oje ni ọmọ ọdẹ ti ń ṣe àtè tí ó fi ń mú ẹyẹ. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, oje igi ni orúkọ yìí ń jẹ́ kí a tó nà án dé ara àwọn ohun tí a pò nínú ilé ìwádìí.

Ṣùgbọ́n rẹ́síìnì tí a fi ń da àwòṣe kò ti ara igi kankan ṣàn jáde. Polyurethane ni ó sábà máa ń jẹ́, ohun tí Otto Bayer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàwárí ní ìlú Leverkusen ní Jámánì ní ọdún 1937. Olómi méjì ni ó wà nínú agolo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ti ìdílé isocyanate. Bí wọ́n bá wà lọ́tọ̀, wọn kì í le. Bí a bá pò wọ́n pọ̀ ní ìwọ̀n tí olùṣe là sílẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan àpòpọ̀ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí gbóná fúnra rẹ̀, yóò ki, yóò sì di líle. Nítorí náà ó sàn kí a fi oje sílẹ̀ fún ti igi, kí a sì jẹ́ kí rẹ́síìnì máa jẹ́ orúkọ èyí tí a pò. Ìdí kejì tí ó fi sàn bẹ́ẹ̀ yóò hàn nígbà tí a bá dé imú ọkọ̀.

GBẸ, DÌ, JINNÁ

Níhìn-ín ni koko ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí ó rọ̀ di líle: ọ̀rọ̀-ìṣe wo ni a ó lò? Mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí nílò, Yorùbá sì ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èkíní ni gbẹ. Aṣọ tí a sá a máa gbẹ, ẹ̀gẹ́ tí a sá a máa gbẹ, ọ̀dà ara ògiri a máa gbẹ. Nínú gbogbo wọn, ohun kan jáde lọ: omi ni, tàbí olómi mìíràn tí a fi po ọ̀dà. Atẹ́gùn àti oòrùn a máa ran gbígbẹ lọ́wọ́.

Èkejì ni dì. Àdí a máa dì ní òwúrọ̀ ọyẹ́. Òrí a máa dì. Ìda a máa dì. Kò sí ohun kan tí ó jáde lára wọn bí kò ṣe ooru. Bí a bá dá ooru náà padà, wọn yóò tún yọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni polystyrene, ike tí a fi ń ṣe àwòṣe inú mọ́ọ̀dù irin: a yọ́ ọ, a tì í sínú mọ́ọ̀dù, ó tutù, ó sì dì.

Ẹ̀kẹta ni jinná. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹyin tí a sè. Kì í ṣe pé omi jáde lára rẹ̀ kí ó tó le. Kò sì dúró de òtútù. Inú ooru gan-an ni ó ti le. Bí ó bá ti jinná, kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí i, yálà ti omi tútù tàbí ti iná, tí yóò fi padà di ohun tí ń ṣàn. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ti di ohun mìíràn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí rẹ́síìnì nìyí.

Ẹnì kan lè sọ pé iná ìdáná ni jinná ń tọ́ka sí, àti pé ẹnikẹ́ni kò se rẹ́síìnì. Ìdáhùn méjì ni ó wà. Àkọ́kọ́, Yorùbá ti mú ọ̀rọ̀ yìí kúrò nídìí ààrò láti ìgbà ìwáṣẹ̀: ojú egbò a máa jinná, kò sì sí iná níbẹ̀, ara ni ó ń ti inú ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ títí iṣẹ́ fi parí. Èkejì, rẹ́síìnì ń mú ooru tirẹ̀ jáde. Bí ẹni pé ó ń se ara rẹ̀ ni. Àwọn mìíràn lè fẹ́ lo le. Ṣùgbọ́n le sọ ibi tí a dé. Kò sọ ọ̀nà tí a gbà débẹ̀. Ọ̀dà tí ó gbẹ le, àdí tí ó dì le, ẹyin tí ó jinná le.

Ojú ọjọ́ fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí ìyàtọ̀ yìí. Ní àkókò ọyẹ́, ọ̀dà olómi a máa tètè gbẹ, nítorí pé atẹ́gùn ń gba omi rẹ̀. Ṣùgbọ́n súpà-gúlù, tí orúkọ rẹ̀ nínú kẹ́místírì jẹ́ cyanoacrylate, a máa pẹ́ jù ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ọyẹ́ kan náà, nítorí pé ọ̀rinrin tí ó wà lójú ohun tí a ń lẹ̀ ni ó ń mú un jinná. Ní àkókò òjò, ọ̀dà lọ́ra, súpà-gúlù sì yára. Ní ti polyurethane tí kò tíì jinná, ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ̀: isocyanate inú rẹ̀ a máa bá omi jà, wọn a sì bí carbon dioxide, gáàsì kan náà tí ń hó nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ìdà yóò sì kún fún ihò wẹ́wẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé gbígbẹ ni gbogbo wọn ń gbẹ, ọyẹ́ kan náà ì bá mú gbogbo wọn yára. Ẹni tí ó bá kọ "jẹ́ kí ó gbẹ" sí ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fi ọ̀rọ̀ kan bo òtítọ́ mẹ́ta mọ́lẹ̀.

RÍRỌ̀ KÌ Í ṢE YÍYỌ́

Nígbà tí olùtò bá ṣí páálí, ohun àkọ́kọ́ tí yóò ṣe ni pé kí ó fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ gbogbo ẹ̀yà, nítorí pé oníṣẹ́ ti fi òróró sí mọ́ọ̀dù kí ìdà lè yọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí òróró náà bá kù lára rẹ̀, ọ̀dà kò ní mú un.

Lẹ́yìn èyí, yóò rí i pé ìyẹ́ kan ti wọ́. A kì í ju irú rẹ̀ nù. A ó tì í bọ inú omi gbígbóná tí kò hó, yóò rọ̀. A ó fi ọwọ́ tọ́ ọ sójú pátákó tí ó tẹ́jú. A ó sì tì í bọ omi tútù kí ó lè dúró bẹ́ẹ̀. Ó rọ̀ ni; kò yọ́. Ike tí ó dì ni a lè yọ́. Ohun tí ó ti jinná lè rọ̀, bí ẹran tí ó jinná ti ń rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní di omi mọ́. Bí atúmọ̀ èdè bá kọ pé "fi ooru yọ́ ọ", akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ràn yóò gbé e sórí iná nígbà tí ó bá rí i pé omi gbígbóná kò yọ́ ọ. Yóò jó. Èéfín polyurethane tí ń jó ní májèlé nínú, títí kan hydrogen cyanide, tí ó lè pa ènìyàn. Láàárín rọ̀ àti yọ́, ẹ̀mí ènìyàn lè wà níbẹ̀.

Ewu kejì jẹ́ ti eruku. Lára gbogbo ẹ̀yà ni ìtì rẹ́síìnì kan ti kù, níbi tí a ti dà á wọlé. Kùkùté ni orúkọ tí ó bá a mu, nítorí pé ohun tí a gé igi lórí rẹ̀ ni kùkùté. Ayùn eléyín wẹ́wẹ́ ni a fi ń gé e, sánpépà ni a sì fi ń dán ojú rẹ̀. Eruku tí ó ń jáde kúnná tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ rẹ sánpépà àti ẹ̀yà náà sínú omi kí eruku lè di ẹrẹ̀, kí a sì fi ìbòmú bo imú. Ẹni tí ó bá ń po rẹ́síìnì fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe é níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ dáadáa, nítorí pé isocyanate a máa fa ikọ́ fée. Ara tí ó bá sì ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lè máa kọ ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà.

LÍLẸ̀ KÌ Í ṢE JÍJÓ PỌ̀

Kí a tó fi àtè kan ẹ̀yà, a ó kọ́kọ́ fi wọ́n ṣe ẹnu ko ẹnu láti mọ̀ bóyá wọ́n ṣe déédéé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ gbígbẹ ṣe orúkọ ìṣe yìí, nítorí pé kò sí àtè níbẹ̀. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa wá ohun tí ó yẹ kí ó gbẹ. Ìtòwò ni Yorùbá rẹ̀: a tò ó láti wò ó.

Ní ti àtè, irú méjì ni ó wà. Èyí tí a ń lò fún àwòṣe polystyrene a máa sọ ojú ike méjèèjì di rírọ̀. Wọn yóò wọ ara wọn. Nígbà tí olómi inú àtè bá fò lọ, wọn yóò di ọ̀kan ṣoṣo. Kì í ṣe lílẹ̀ ni èyí. Ó jọ ohun tí àwọn tí ń jó irin ń ṣe, nígbà tí irin méjì di irin kan. Jíjó pọ̀ ni ó yẹ kí a pè é, kí a sì fi yé akẹ́kọ̀ọ́ pé iṣẹ́ olómi ni, kì í ṣe ti iná. Ṣùgbọ́n rẹ́síìnì tí ó ti jinná kì í gba irú èyí. Olómi náà kò lè tú u. Súpà-gúlù ni a ń lò fún un, èyí tí Harry Coover àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Eastman Kodak kọ́kọ́ rí ní ọdún 1942, tí ó sì dé ọjà ní ọdún 1958. Tàbí àtè alágolo-méjì tí a ń pò bíi rẹ́síìnì. Àwọn wọ̀nyí a máa dúró láàárín ẹ̀yà méjì, wọn a sì di àwọn méjèèjì mú. Lílẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí a bá fún ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún méjèèjì yóò ra àtè àwòṣe oníke, yóò fi lẹ rẹ́síìnì, ìyẹ́ yóò sì já bọ́ ní ọjọ́ kejì.

OJE ÀTI ÒJÉ

Dove ní taya kan níwájú àti méjì lẹ́yìn, lábẹ́ ìyẹ́. Lára ojúlówó, ẹ́ńjìnì àti àwọn ẹrù mìíràn ni ó mú kí imú wálẹ̀. Lára àwòṣe, ìrù lè wúwo ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí pé rẹ́síìnì rẹ̀ kò ní ihò nínú. Bí a bá gbé e kalẹ̀, yóò jókòó lé ìrù, imú yóò sì máa wo òkè. Àfi kí a fi òjé sínú imú rẹ̀ kí a tó pa ara ọkọ̀ dé.

Òjé mélòó? Ìṣirò ọ̀pá ìgbérù ni. Ká ní àwòṣe náà wúwo ní gíráàmù 90, tí ojúkò ìwúwo rẹ̀ sì wà ní mìlímítà 5 lẹ́yìn ojú taya ńlá; ká ní àyè inú imú wà ní mìlímítà 60 níwájú ojú taya náà. Ìlọ́po 90 àti 5 jẹ́ 450. Bí a bá fi 60 pín in, a ó rí 7.5. Gíráàmù 7.5 yóò mú kí ó dọ́gba lórí taya. Gíráàmù 10 yóò mú kí imú fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí àyè òjé bá súnmọ́ taya ńlá ní ìdajì, òjé náà gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì. Nítorí náà ni olùtò fi ń ti òjé síwájú bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Òjé ìdí àwọ̀n àwọn apẹja yẹ fún iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n májèlé ni òjé. Kí a fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí a bá fi kàn án, kí a má sì fi sánpépà hà á.

Ẹ wò ó nísinsìnyí bí ìwé ìtọ́ni bá kọ ọ́ láìfi àmì ohùn sí i pé kí a fi "oje" kún imú ọkọ̀. Ẹnì kan yóò kà á sí òjé, yóò sì ṣe déédéé. Ẹlòmíràn yóò kà á sí oje, yóò da rẹ́síìnì síbẹ̀. Imú kò ní wúwo tó, ara ọkọ̀ yóò sì ti dé pa. Bẹ́ẹ̀ náà ni jinná àti jìnnà: ìwé tí kò ní àmì lè sọ pé kí ẹ̀yà jinná, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ni ó ka àmì ohùn sí ẹ̀ṣọ́. Nínú ìwé sáyẹ́ǹsì, apá kan ìtọ́ni ni.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA FÚN OLÙKỌ́ ÀTI ATÚMỌ̀ ÈDÈ

Iṣẹ́ kékeré yìí fi hàn pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun ni ó sábà máa ń wọ́n wa. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí a yẹ̀ wò, ìwọ̀nba díẹ̀ ni a yá tàbí tí a ṣẹ̀dá. Àwọn tí ó kù ti wà nídìí ààrò, lọ́dọ̀ oníṣẹ́ idẹ, lọ́dọ̀ ajórin àti lọ́dọ̀ apẹja. Ohun tí ó kù ni pé kí a yan ààlà fún wọn, kí a má sì jẹ́ kí ọ̀kan jẹ ilẹ̀ èkejì. Àwọn ààlà náà nìyí ní ṣókí:

Gbẹ: kí ohun kan le nítorí pé olómi inú rẹ̀ jáde lọ.
Dì: kí ohun kan le nítorí pé ooru rẹ̀ kúrò, a lè tún un yọ́.
Jinná: kí ohun kan le nítorí pé ó ti yí padà di ohun mìíràn, a kò lè yọ́ ọ mọ́.
Rọ̀: kí ohun líle ṣeé tẹ̀ láìṣàn.
Yọ́: kí ohun líle di ohun tí ń ṣàn nítorí ooru.
Lẹ̀: kí àtè dúró láàárín ohun méjì, kí ó sì dì wọ́n mú.
Jó pọ̀: kí ojú ohun méjì wọ ara wọn di ọ̀kan.
Ìtòwò: fífi ẹ̀yà ko ẹ̀yà láìlo àtè.
Kùkùté: ìtì tí ó kù lára ìdà níbi tí a ti dà á wọlé.

Nígbàkígbà tí olùkọ́ tàbí atúmọ̀ èdè bá dé ibi tí ohun rírọ̀ ti di líle, ìbá à ṣe sìmẹ́ǹtì ni tàbí pọ́tì ara ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, kí ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta: Ǹjẹ́ ohun kan jáde lọ? Ǹjẹ́ ó kàn tutù ni? Àbí ó ti di ohun mìíràn? Sìmẹ́ǹtì yóò yà á lẹ́nu, nítorí pé gbogbo ènìyàn ni ó ń sọ pé ó gbẹ, bẹ́ẹ̀ omi kò fi í sílẹ̀ kí ó tó le. Omi náà bá a ṣe pọ̀ ni ó fi le, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí àwọn bíríkìlà fi ń bu omi wọ́n ọn ní ọjọ́ kejì. Wọ́n ti ń ṣe ohun tí ó tọ́ láti ìgbà pípẹ́. Ọ̀rọ̀ ni kò tíì bá ọwọ́ wọn dọ́gba.